Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ìlú: ṣé ká máa sanwó ká tó wọlé, àbí kó jẹ́ ọ̀fẹ́?

Etídò
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Ìlú á fi owó orí gbogbo wa gbẹ́ púùlù, wọ́n á lẹ táìlì sí i, wọ́n á fa omi sí i, wọ́n á wá gbé ẹnì kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà pé ẹni tó bá fẹ́ wọlé, kó sanwó. Ilé ìkàwé ìlú kì í gbowó lọ́wọ́ wa ká tó jókòó kàwé. Ọgbà ìtura kì í gbowó ká tó jókòó sábẹ́ igi. Iná ojú pópó ń tàn fún olówó, ó ń tàn fún tálákà. Kí ló dé tó jẹ́ pé omi nìkan ni wọ́n fi géètì sí?

Ní tèmi, kò yẹ kí wọ́n gba owó kankan lọ́wọ́ ọmọdé. Lórí ti àgbà, ọkàn mi ò tíì dúró sójú kan. Ìgbìmọ̀ ìlú tí mò ń gbé máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí láìpẹ́, mo sì fẹ́ kọ lẹ́tà sí wọn. Ẹ sọ tẹnu yín, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ náà látinú.

Aṣèṣirò
Etídò, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí létí, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò o kí àánú tó gbé wa lọ. Púùlù tí wọ́n fi ń díje, mítà 50 ni gígùn rẹ̀, mítà 25 ni fífẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá jìn tó mítà 2, omi inú rẹ̀ jẹ́ lítà 2,500,000. Omi ọ̀hún kì í sì í dúró jẹ́ẹ́. Pọ́ǹpù ń fà á gba inú asẹ́ kọjá, bó jẹ́ ẹnì kan ló wẹ̀ lọ́jọ́ náà, bó jẹ́ ẹgbẹ̀rún. Níbi tí òtútù ti ń mú, wọ́n tún gbọ́dọ̀ mú un lọ́wọ́ọ́wọ́. Adóòlà, ẹni tó ń ṣọ́ àwọn tó ń wẹ̀ kí wọ́n má baà rì, gbọ́dọ̀ gbowó oṣù, ẹni tó ń fọ ilé ìpaṣọdà gbọ́dọ̀ gbowó oṣù.

Ẹ ò ní gbàgbé ọdún 2022 tí owó gáàsì àti iná mànàmáná fò sókè ní Yúróòpù. Púùlù wà lára ohun tó kọ́kọ́ fara gbá a. Ní ilẹ̀ Faransé, ilé iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn ìlú bójú tó púùlù ti nǹkan bí 30 pa lẹ́ẹ̀kan náà ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn. Ní Jámánì, ọ̀pọ̀ ìlú dín ìlọ́wọ́ọ́wọ́ omi kù. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta ọdún 2023, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní láti ya mílíọ̀nù 63 pọ́ùn sọ́tọ̀ kí púùlù má baà máa kógbá sílé.

Bí a bá ní kí ẹni tó ń wẹ̀ má sanwó, ta ló máa san án? Ẹni tí kò wẹ̀ rí láyé rẹ̀?

Ìyá Mẹ́ta
Ẹ̀gbọ́n Aṣèṣirò, ìṣirò yín dára. Ẹ jẹ́ kí èmi náà ṣe tèmi.

Ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Lọ́jọ́ kan nígbà ìsinmi iléèwé, oòrùn mú gan-an, mo kó wọn lọ sí púùlù. Owó ọwọ́ mi á mú èmi àti ọmọ méjì wọlé, kò lè mú ẹ̀kẹta. Mo ka ṣéńjì náà lẹ́ẹ̀mejì lórí tábìlì obìnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì, bíi pé ó máa pọ̀ sí i tí mo bá tún un kà. Àwọn tó tò sẹ́yìn mi ti ń mí kanlẹ̀. Àkọ́bí mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà yẹn, ló fà mí láṣọ: "Mọ́mì, ẹ máa kó wọn wọlé. Kò wù mí láti wẹ̀ lónìí." Bẹ́ẹ̀ ó ti wọ pátá ìwẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ ṣòkòtò láti ilé.

N kò lè fi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án síta kí n wọlé. A fi ìlà sílẹ̀. Àmọ́ ká tó máa lọ, ó ní kí n jẹ́ kí òun wòran díẹ̀. Ó ki ìka bọ ihò wáyà tí wọ́n fi ṣe ọgbà yí púùlù ká, ó gbé iwájú orí lé e. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bẹ́ sómi nínú lọ́hùn-ún, omi ń ta jáde gba ara wáyà, ó ń kán sí i lẹ́sẹ̀. Kò yẹsẹ̀.

Obìnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ò ṣẹ̀ mí o, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ọmọ náà ti pé mẹ́tàlá báyìí, kò tíì mọ̀ ọ́n wẹ̀.

Tọ́lá_K
Ìyá Mẹ́ta, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ yín dùn mí wọnú egungun.

Ẹ̀gbọ́n Aṣèṣirò, ohun kan wà tí ẹ ò tíì mẹ́nu bà. Ní ọ̀pọ̀ jù lọ ibi tí ìlú ti ń bójú tó púùlù, owó ẹnu ọ̀nà kì í ká ìnáwó. Àpò ìlú ló ń dí ihò tó kù, ihò náà sì máa ń tóbi. Ẹni tí kò wẹ̀ rí tí ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn, ó ti ń sanwó púùlù láti ọjọ́ pípẹ́. Ìyá Mẹ́ta náà ti ń san án, nínú owó orí àti nínú gbogbo ohun tó ń rà. Wọ́n wá ní kó tún san lẹ́ẹ̀kejì kó tó fojú kan ohun tó ti bá wọn san owó rẹ̀.

Ẹ tún yọ iye tí wọ́n ń ná láti gba owó náà kúrò: ẹni tó jókòó sí géètì, ẹ̀rọ tíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń ka owó lálẹ́, ẹni tó ń yẹ ìwé ẹni tó ka owó wò. Lẹ́yìn náà ẹ sọ fún mi pé èló ló ṣẹ́ kù.

Adóòlà_Omi
Mo ti ń ṣiṣẹ́ adóòlà fún ọdún mọ́kànlá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ń rí.

Ẹni tó ń rì kì í pariwo. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń sọ fún àwọn òbí nìyẹn, wọn kì í sì í kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Wọ́n rò pé ọmọ á ju ọwọ́ sókè, á ké "Ẹ gbà mí!" Rárá o. Ẹnu rẹ̀ á máa wọ omi, á máa jáde, ìgbà tó bá sì jáde, èémí ló ń wá, kì í ráyè sọ̀rọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ á máa tẹ omi mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Láti ẹ̀yìn, á dà bíi pé ó ń ṣeré. Ó lè ṣẹlẹ̀ ní ìwọ̀n mítà méjì sí ìyá tó ń wo fóònù.

Ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé ní ọdún 2021 nìkan, nǹkan bí 300,000 ènìyàn ló kú sómi káàkiri ayé. Ìdá kan nínú mẹ́rin wọn jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ó lé ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn tó jẹ́ pé orílẹ̀-èdè tí owó ò fi bẹ́ẹ̀ sí ni wọ́n ti kú. Púpọ̀ nínú wọn, odò, kànga, adágún àti kòtò omi òjò ló gbé wọn lọ. Ibi tí kò sí géètì, tí kò sí adóòlà.

Ohun tí mo fi ń rò ó nìyẹn. Ọmọ tí owó lé kúrò ní púùlù kì í jókòó sílé. Ibi tí omi bá wà lọ́fẹ̀ẹ́ ló ń gbà lọ.

Àmọ́ mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé ọ̀fẹ́ kò ní wàhálà tirẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu, mo máa ń darí sílé pẹ̀lú orí fífọ́, nítorí mi ò rí ìsàlẹ̀ omi láàárín ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn. Bí orí bá pọ̀ sí i, tí adóòlà ò sì pọ̀ sí i, ẹ kúkú má ṣí i.

Olùkọ́ Ìtàn
Ẹ ṣeun, Adóòlà. Ẹ jẹ́ kí n mú wa padà sẹ́yìn díẹ̀, nítorí ìjà yìí ti pẹ́.

Ní Liverpool, lẹ́yìn tí kọ́lẹ́rà jà níbẹ̀ lọ́dún 1832, obìnrin tálákà kan tó ń jẹ́ Kitty Wilkinson jẹ́ kí àwọn aládùúgbò máa wá fi omi gbígbóná fọ aṣọ àti ìtẹ́lé ibùsùn wọn nílé rẹ̀. Látinú iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti dé ibi tí ìlú fi ṣí ilé ìwẹ̀ àti ìfọṣọ fún gbogbo ènìyàn lọ́dún 1842. Nígbà tó di 1846, òfin jáde tó fún àwọn ìlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láṣẹ láti fi owó ìlú kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: òfin náà ò ní kó jẹ́ ọ̀fẹ́, àmọ́ ó fi gbèdéke sí iye tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Owó wà, ṣùgbọ́n wọ́n dè é mọ́lẹ̀ kó má baà ga ju àwọn tí wọ́n torí wọn kọ́ ọ lọ.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíì yọ. New York ṣí púùlù ńlá 11 láàárín ìgbà ooru ọdún 1936 kan ṣoṣo. Owó tí ìjọba àpapọ̀ fi ń wá iṣẹ́ fún àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ni wọ́n fi kọ́ ọ, àwọn púùlù ìta ìlú náà sì jẹ́ ọ̀fẹ́ lónìí. Àmọ́ ní St. Louis, ní ọjọ́ 21, oṣù kẹfà, ọdún 1949, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gba àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú láàyè láti wọ púùlù Fairground Park, àwọn aláwọ̀ funfun yí ibẹ̀ ká, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀. Ní Jackson, Mississippi, kàkà kí dúdú àti funfun jọ wẹ̀, ìlú ti púùlù rẹ̀ pa. Wọ́n gbé e dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, lọ́dún 1971 adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin sì dá ìlú láre. Ọ̀pọ̀ àwọn tó lówó ti kó lọ sí púùlù ẹgbẹ́ aládàáni nígbà náà, níbi tí owó ọmọ ẹgbẹ́ ti ń ṣe iṣẹ́ tí òfin kò lè bá wọn ṣe mọ́.

Mi ò sọ pé ẹni tó bá ní ká gbowó, ẹlẹ́yàmẹyà ni. Ohun tí mò ń sọ ni pé owó ẹnu ọ̀nà, asẹ́ ni. Ìlú gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí asẹ́ rẹ̀ ń yọ síta.

Aṣèṣirò
Olùkọ́, mo dúpẹ́ fún ìtàn yẹn, ó sì bà mí nínú jẹ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n mú ìtàn tó sún mọ́ wa wá. Láti oṣù kẹrin ọdún 2009, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi owó sílẹ̀ kí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 àti àwọn tó ti pé 60 sókè máa wẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbà ooru ọdún 2010 ni ìjọba tó dé lẹ́yìn náà fòpin sí i. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gba ọ̀fẹ́ náà ti ń wẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọn ì bá sì san án. Ẹni tó ní mọ́tò tó ń gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí púùlù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun ló jàǹfààní jù.

Ó sì tún kù díẹ̀. Ohun tí ènìyàn ò bá náwó lé, kì í fi í ṣe nǹkan. Ẹ fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́, kò ní wá.

Àbíkẹ́yìn
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìyẹn tó kẹ́yìn, nítorí gbogbo ènìyàn ló ń sọ ọ́, àwọn kan sì ti dán an wò.

Jessica Cohen àti Pascaline Dupas ṣe ìwádìí kan ní Kenya, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2010. Àwọ̀n ẹ̀fọn ni wọ́n fi ṣe é. Ní ilé ìwòsàn aboyún kan, wọ́n á fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ní òmíràn, wọ́n á gba owó díẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí owó bá ti kúrò ní ọ̀fẹ́ tó dé sẹ́ǹtì 60 dọ́là péré, nǹkan bí ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ló ń já kúrò lára àwọn tó ń gbà á. Àwọn tó gba tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́ ńkọ́? Wọ́n ń sùn sábẹ́ rẹ̀ bí àwọn tó sanwó ṣe ń sùn. Owó náà ò mú kí ẹnikẹ́ni ka àwọ̀n sí nǹkan pàtàkì ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó kàn dín àwọn tó ní in kù ni.

Mo mọ̀ pé àwọ̀n kì í ṣe púùlù. Àmọ́ ọmọ Ìyá Mẹ́ta tó ki ìka bọ wáyà, ṣé ẹni tí kò ka omi sí nìyẹn?

Ní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún kan àti oṣù díẹ̀ kò tó láti sọ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ di òmùwẹ̀. Ọmọ tó ń bẹ̀rù omi, kò ní wá torí pé géètì ṣí. Ẹnì kan ló máa mú un lọ́wọ́ wọ inú rẹ̀. Nínú owó ọ̀fẹ́, ó yẹ kí ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Iceland ti fi ìlúwẹ̀ẹ́ sínú ẹ̀kọ́ dandan ní iléèwé láti ọdún 1940, kò sí pé òbí lówó tàbí kò lówó níbẹ̀.

Bàbá Òwúrọ̀
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ.

Orúnkún mi méjèèjì ti bàjẹ́. Bí mo bá rìn dé òpin àdúgbò, mo máa ń wá ibi tí mo máa jókòó sí. Nínú omi, mi ò ní orúnkún rárá. Mo máa ń lọ síwá-sẹ́yìn ní ìgbà ogún láàárọ̀, dókítà sì ní ohun tó ń gbé mi dúró nìyẹn. Mò ń sanwó, kò sì dùn mí láti san án. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ọjọ́ tí mo máa dé ibẹ̀ tí mi ò ní rí àlàfo tí mo máa gbà kọjá.

Mo fẹ́ràn ọmọdé o. Àmọ́ ọmọdé tó bẹ́ gìrì lé arúgbó lẹ́yìn, wàhálà ni. Ṣé ẹ ò lè fi àkókò fún wa?

Tọ́lá_K
Bàbá, ẹ kú ìfaradà. Àkókò yín gbọ́dọ̀ wà, mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ sísan owó kọ́ ló ń fún yín ní àlàfo yẹn, àkókò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ni. Wọ́n lè yà á sọ́tọ̀ láìgbowó.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ̀rọ̀ lórí àbá kan tó máa ń jáde níbí yìí: pé kí àwọn tó lówó san, kí tálákà mú káàdì wá kó wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dùn gbọ́. Mo ti mú irú káàdì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rí. Iléèwé tí mo lọ nígbà tí mo wà lọ́mọdé fún àwa tí òbí wa ò lówó ní káàdì tiwa láti fi gba oúnjẹ ọ̀sán. Àwọ̀ búlúù ni, funfun ni ti àwọn yòókù. Mo máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó títí màá fi dé iwájú, màá wá yọ ọ́ kíá, màá tún dá a padà sápò. Ìgbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ìyá mi pé ebi kì í pa mí lọ́sàn-án. Àti oúnjẹ àti káàdì, mo fi wọ́n sílẹ̀ fún wọn.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó lè sọ pé "kò wù mí láti wẹ̀ lónìí" nítorí kí ojú má ti ìyá rẹ̀, ṣé òun ló máa na káàdì tálákà sókè níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀? Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ, ọmọ olówó pẹ̀lú. Owó orí ni kí wọ́n ti gba ti olówó, ibẹ̀ ni ọwọ́ ti lè tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀gá Pọ́ǹpù
Mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń kọ, mo wá ní kí n dá sí i, nítorí èmi ni mo ń tọ́jú omi náà.

Aago márùn-ún ìdájí ni mo máa ń dé. Màá bu omi sínú ìgò kékeré kan, màá kán oògùn sí i, màá gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Bó bá yí sí pupa rẹ́súrẹ́sú, a wà ní àlàáfíà. Bó bá ń lọ sí ìyeyè, omi ti kan jù. Bó bá pọ́n dòò, ó ti lọ sí ìhà kejì. Lórí òṣùwọ̀n pH, tí a fi ń mọ bí omi ṣe kan tó, láàárín 7.2 sí 7.8 la fẹ́ kí ó wà, nítorí bó bá ti kọjá ibẹ̀, agbára tí kílórínì fi ń pa kòkòrò á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù.

Òórùn tó ń ta yín nímú tí ẹ̀ ń pè ní òórùn kílórínì, kì í ṣe pé kílórínì pọ̀ jù ló fà á. Kílórínì tó ti pàdé ìtọ̀ àti òógùn ló ń rùn bẹ́ẹ̀, òun náà ló ń pọ́n yín lójú. Púùlù tí omi rẹ̀ mọ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ ní òórùn. Nítorí náà, bí èrò bá ti ń pọ̀ sí i ni kẹ́míkà ń pọ̀ sí i, tí a sì ń da omi tuntun kún un. Ẹ bá mi sọ fún àwọn ènìyàn kí wọ́n fi ọṣẹ wẹ̀ kí wọ́n tó wọ púùlù! Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i pé ilé ìwẹ̀ gbẹ táútáú nígbà tí púùlù kún fọ́fọ́.

Mo ṣiṣẹ́ ní ibì kan tí wọ́n sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ láàárín ọjọ́ kan. Ìwé ìròyìn ya fọ́tò, gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan kún owó ìtọ́jú. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, omi ti rí bí omi ìrẹsì, mi ò rí irin ihò ìsàlẹ̀ púùlù mọ́ láti etí rẹ̀. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi gbé pákó "A ti tì í" kọ́. Àwọn ọmọ dúró síwájú géètì, wọ́n ń bi mí pé ìgbà wo la máa ṣí i. Mi ò ní èsì.

Mo fẹ́ kó jẹ́ ọ̀fẹ́. Àmọ́ kí owó asẹ́ ti wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó yọ géètì.

Etídò
Ọ̀gá Pọ́ǹpù, ẹ ti yí lẹ́tà mi padà. Ọ̀rọ̀ yín ló máa ṣáájú.

Mo wá wo àwọn ibi tó ti jẹ́ ọ̀fẹ́. Ní Bern, olú ìlú Switzerland, púùlù ìta Marzili tó wà létí odò Aare, ọ̀fẹ́ ni. Copenhagen ṣí ibi ìlúwẹ̀ẹ́ sínú èbúté rẹ̀ ní Islands Brygge, wọn kì í gbowó. Paris náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti fòfin de wíwẹ̀ nínú odò Seine láti ọdún 1923, ṣí ibi mẹ́ta lórí odò náà ní ìgbà ooru 2025, lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Brisbane, etíkun tí wọ́n fọwọ́ ṣe sí South Bank ti wà láti ọdún 1992, ẹni tó bá wù ló ń wọ̀ ọ́.

Aṣèṣirò
Ẹ wò ó dáadáa, Etídò. Méjì nínú wọn jẹ́ omi tí Ọlọ́run ti dà síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń mú odò Seine lọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ má fi í wé púùlù inú ilé lásìkò òtútù, wọn ò tan mọ́ra lórí owó.

Etídò
Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Mo gbà. Màá pín in sí méjì nínú lẹ́tà náà, ti ìta àti ti inú ilé.

Àbíkẹ́yìn
Ohun kan kù tí àwọn ìgbìmọ̀ máa sọ: "Bí a bá ṣí i lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn jàǹdùkú á gba ibẹ̀." Ẹ sọ ti Berlin fún wọn. Ìgbà ooru ọdún 2023, ìjà pọ̀ ní àwọn púùlù ìta kan níbẹ̀ débi pé wọ́n ti Columbiabad pa fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè káàdì ìdánimọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Púùlù tí wọ́n ń sanwó wọ̀ ni o! Owó ò dá ìjà dúró. Ẹ̀ṣọ́ tó péye, tó mọ àwọn ọmọ náà lórúkọ, ló lè dá a dúró.

Adóòlà_Omi
Mo fọwọ́ sí ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí Etídò fi kún un ni kíka ènìyàn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀fẹ́, kó má rò pé a ò ní í ka orí. Kí wọ́n máa fún gbogbo ẹni tó bá wọlé ní rọ́bà ọrùn ọwọ́. Nígbà tí rọ́bà bá tán, ìlà dúró títí ẹnì kan á fi jáde. Obìnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ tuntun nìyẹn, kò ní pàdánù oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Àti pé kí àago márùn-ún ìdájí sí mẹ́jọ jẹ́ ti Bàbá Òwúrọ̀ àti àwọn ẹlẹ́sẹ̀ dídùn ẹgbẹ́ wọn.

Bàbá Òwúrọ̀
Aago mẹ́fà ti tó fún mi, ọmọ mi. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí bí ẹ ṣe ń dá ti ẹlòmíràn sí.

Aṣèṣirò
Ó dára. Ibi tí mo dúró sí báyìí nìyí. Ọmọdé àti ẹ̀kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́: ọ̀fẹ́, bí wọ́n bá fi owó asẹ́ àti ti adóòlà sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì lórúkọ ara rẹ̀, kì í ṣe kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ "ìnáwó mìíràn" níbi tí wọ́n á ti gé e lọ́dún tó ń bọ̀. Àgbà tó lágbára, kó san. Tọ́lá, mo mọ̀ pé ẹ ò gbà.

Tọ́lá_K
Mi ò gbà. Ìyá tó ń mú ọmọ mẹ́ta wá, àgbà lòun náà. Bí wọ́n bá gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọn ò sì jẹ́ kí ọmọ wọlé láìsí àgbà, ẹ ti gba owó ọmọ náà. Ó kéré tán, kí àgbà tó mú ọmọdé dání wọlé láìsanwó.

Aṣèṣirò
Ẹ ti mú mi níbẹ̀. Mo fara mọ́ ti àgbà tó mú ọmọ dání. Lórí èyí tó kù, ẹ jẹ́ kí Etídò kọ èrò àwa méjèèjì síbẹ̀.

Ìyá Mẹ́ta
Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Adóòlà, mo ní ìbéèrè kan. Mo ka ọ̀rọ̀ yín sókè létí ọmọ mi lánàá, ibi tí ẹ ti sọ pé ẹni tó ń rì kì í pariwo. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá bi mí bóyá ọdún mẹ́tàlá ti pẹ́ jù láti kọ́ ọ. Ó ní ojú ń ti òun kí àwọn ọmọ kékeré má máa wo òun.

Adóòlà_Omi
Kò pẹ́ rárá, Mọ́mì. Ẹni ọdún ọgọ́ta ni mo kọ́ lọ́dún tó kọjá. Ẹ béèrè ní púùlù àkókò tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ máa ń wá, kó má baà sí láàárín àwọn kékeré.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ibi tí omi ti dé àyà rẹ̀ ni kó dúró sí, níwájú adóòlà. Kó fi ọwọ́ méjèèjì di etí púùlù mú. Kó fa èémí sínú láti ẹnu, kó ki ojú bọ omi, kó máa hùmù bí ẹni tó ń kọrin, kí èémí máa gba imú jáde. Omi á máa hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀ méjèèjì. Tó bá ti gbọ́ ọ báyìí, kó gbé orí sókè, kó sinmi, kó tún un ṣe. Ìgbà mẹ́wàá. Kó má ṣe ju ìyẹn lọ lọ́jọ́ yẹn.